Bí Ẹ Ṣe Lè Sọ̀rọ̀ Iṣẹ́ Yín fún Àwọn Ọmọ Ilé Ìwé Tí Á Fi Wọ̀ Wọ́n Létí

Ilé ìwé ní kí ẹ wá sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ yín fún àwọn ọmọ. Ẹ dìde, ẹ dárúkọ, ẹ ka ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ lọ àti oyè tí ẹ gbà, ẹ sọ orúkọ ilé iṣẹ́ yín, ẹ ní kí wọ́n tẹra mọ́ ìwé wọn. Ìṣẹ́jú márùn-ún kò tíì pé tí àwọn tó jókòó lẹ́yìn ti ń fi ẹsẹ̀ ta ara wọn lábẹ́ tábìlì. Tísà pàtẹ́wọ́, àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́, ó parí. Bí èèyàn bá bi ọ̀kan nínú wọn lẹ́nu ọ̀nà pé kí ni àlejò yẹn ń ṣe jẹun, á ní, "Wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì."

Kì í ṣe pé iṣẹ́ yín kò dùn ún gbọ́. Ìtàn ara yín lẹ sọ, ẹ kò sọ iṣẹ́. Ohun tí ọmọdé bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ló máa ń rántí, nítorí náà ibì kan náà ni gbogbo ìgbésẹ̀ ìsàlẹ̀ yìí ń lọ: kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ti ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ yín kí ẹ tó jáde.

OHUN TÍ Ẹ NÍLÒ

- Nọ́ńbà fóònù olùkọ́ tó ni kíláàsì náà gan-an. Ti ọ́fíìsì ilé ìwé nìkan kò tó.
- Ohun kan tí ẹ ń lò lẹ́nu iṣẹ́, tí ọmọdé lè fọwọ́ kàn láìfarapa. Bó bá kéré, ẹ mú mẹ́ta tàbí mẹ́rin irú rẹ̀.
- Ohun èlò fún iṣẹ́ ṣíṣe kan, tí ọmọ 4 tàbí 5 á máa pín ẹyọ kan lò. Ẹ fi méjì lé e nítorí èyí tó bá bàjẹ́.
- Aago tí ẹ lè wò láìyọ fóònù. Ìgbà tí àlejò bá ti yọ fóònù, àwọn ọmọ ti gbà pé ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn.
- Káàdì kan tó ní ìlà márùn-ún péré, tí ẹ kọ gàdàgbà.
- Ọmọ kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ sún mọ́ ti kíláàsì náà, tí ẹ máa kọ́kọ́ dán ọ̀rọ̀ náà wò lọ́dọ̀ rẹ̀.

ÌGBÉSẸ̀ 1: Ẹ KỌ́KỌ́ BI OLÙKỌ́ LÉÈRÈ

Ẹ má tíì ronú ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ pe olùkọ́, kí ẹ sì bi í ní àwọn ìbéèrè wọ̀nyí:

Ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n, mélòó sì ni wọ́n? Ṣé kíláàsì kan ni mò ń bá sọ̀rọ̀, àbí kíláàsì mẹ́rin ló máa tò wá lọ́kọ̀ọ̀kan? Ṣé inú kíláàsì wọn ni, àbí gbọ̀ngàn? Ṣé iná wà níbẹ̀, pátákó ńkọ́? Ṣé ọmọ kan wà tí kò ríran dáadáa, tí kò gbọ́rọ̀ dáadáa, tàbí tí kì í lè rìn? Ṣé nǹkan kan wà tí ara ọmọ kankan kì í gbà? (Ẹ bi í pàápàá bí ẹ bá fẹ́ mú ìbọ̀wọ́ rọ́bà, bàlúùnù tàbí ohun jíjẹ wá.) Ẹlòmíì ha ń bọ̀ tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe?

Bó bá jẹ́ pé kíláàsì mẹ́rin ló máa tò wá, ohun èlò yín gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po mẹ́rin bó bá jẹ́ ohun tó ń tán. Ẹ sì gbé omi dání, torí ohùn yín á fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán kó tó kan kíláàsì kẹta.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà: àkókò. Bí wọ́n bá ní ìṣẹ́jú 30 ni tiyín, kì í ṣe 30. Àwọn ọmọ á wọlé, wọ́n á wá àga, tísà á fi yín hàn, ẹni tó sọ̀rọ̀ ṣáájú yín á sì ti jẹ díẹ̀ níbẹ̀. Ẹ múra sílẹ̀ fún 20.

Irinṣẹ́ tó léwu. Ọ̀bẹ, abẹ́rẹ́, oògùn, kẹ́míkà, ohunkóhun tó ń gbaná: ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó gbé e kúrò nílé. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé kò ní jẹ́ kó kọjá géètì. Bó bá sì jẹ́ pé òun gan-an ni ẹ fẹ́ fi ṣe àfihàn, ẹ ti pàdánù àfihàn nìyẹn.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ṣé ẹ lè sọ gbólóhùn bí èyí láìronú: "Ọmọ 35 ni, ọmọ ọdún 9 sí 10, nínú kíláàsì wọn, ìṣẹ́jú 20, kò síná"? Bí ibì kan bá ṣófo nínú rẹ̀, ẹ tún olùkọ́ pè.

ÌGBÉSẸ̀ 2: Ẹ MÚ ÌṢÒRO KAN ṢOṢO

Gbogbo iṣẹ́ ló ní ìṣòro tó ń yanjú. Ẹ parí gbólóhùn yìí sórí ìwé: "Bí kò bá sí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ mi, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ni pé..."

Ẹni tó ń ṣe ìṣirò owó ilé iṣẹ́ lè kọ pé: "...owó á máa sọnù, kò sì ní sí ẹni tó máa mọ ibi tó gbà lọ." Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe: "...omi tó wà nínú ilẹ̀ kò ní gòkè wá." Nọ́ọ̀sì: "...àìsàn aláìsàn á máa le sí i lóru, kò sì ní sí ẹni tó máa tètè mọ̀." Gbólóhùn yìí ni iṣẹ́ yín lójú ọmọdé. Orúkọ oyè yín lè dúró dìgbà tó bá yá.

Ẹ kà á sókè, kí ẹ sì fa igi lé ọ̀rọ̀ èyíkéyìí tó ń fẹ́ kí ọ̀rọ̀ mìíràn wá túmọ̀ rẹ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìbánigbófò, ìpolówó ọjà àti kọ̀ǹpútà ló máa ń jìyà jù níbí, torí ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì ti mọ́ wọn lẹ́nu débi pé wọn kì í gbọ́ ọ mọ́.

Ọjọ́ orí ló máa sọ ibi tí ẹ máa tẹnu mọ́. Ọmọ ọdún 5 sí 7 ń fẹ́ mọ ohun tí ẹ ń wọ̀, ohun tí ẹ ń gbé lọ́wọ́, ẹni tí ẹ ń ràn lọ́wọ́. Ìṣẹ́jú 10 tó wọn, ẹ fi ìyókù ṣeré iṣẹ́ pẹ̀lú wọn. Ọmọ ọdún 8 sí 11 ń fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́, bó ṣe ń bàjẹ́, àti ohun tó dọ̀tí jù nínú rẹ̀. Ẹ má tijú láti sọ èyí tó dọ̀tí jù. Láti ọdún 12 lọ, ìbéèrè yí padà: báwo ni èèyàn ṣe ń débẹ̀, ọdún mélòó ló ń gbà, ṣé ẹni tí kò mọ ìṣirò lè ṣe é, kí ló ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò? Bí ẹ bá fún àwọn wọ̀nyí ní eré ọmọ ọdún 7, wọn kò ní bá yín ṣe é.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ sọ gbólóhùn yín fún ọmọ tí ẹ fi ń dánra wò, kí ẹ ní kó lọ sọ ọ́ fún ẹlòmíì. Ẹ máa gbọ́ láti ẹ̀gbẹ́ kan. Ohun tó já sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ ni ẹ kò ṣàlàyé dáadáa.

ÌGBÉSẸ̀ 3: Ẹ WÁ OHUN TÍ WỌ́N MÁA ṢE

Ibí ni agbára yín gbọ́dọ̀ lọ sí jù. Iṣẹ́ ṣíṣe tó dára máa ń tán láàárín ìṣẹ́jú 5 sí 7. Ọmọ lè fúnra rẹ̀ mọ̀ bóyá òun gbà á tàbí òun ṣì í, láìretí àlejò. Kò sì ní dójú ti ẹnikẹ́ni.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé bí wọ́n bá ti fi irinṣẹ́ kan ránṣẹ́ yí kíláàsì ká, àwọn ọmọ ti ṣe nǹkan. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Ọmọ 40, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan dì í mú fún ìṣẹ́jú àáyá 10 péré: ìṣẹ́jú àáyá 400 nìyẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú 7. Nígbà tó bá dé ẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ yín ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́, àwọn tó wà níwájú sì ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ mú mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ọ̀nà tirẹ̀ láàárín àga, kí ẹ sì dákẹ́ títí wọ́n á fi padà.

*Nọ́ọ̀sì tàbí dókítà.* Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka bí iṣan ọwọ́ wọn ṣe ń lù. Ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín ni wọ́n máa gbé lé ọrùn ọwọ́, lábẹ́ àtàǹpàkò. Kí wọ́n má fi àtàǹpàkò wá a, torí àtàǹpàkò náà ní iṣan tirẹ̀ tó ń lù. Ọmọ á kàn máa ka ti ìka ara rẹ̀. Àṣìṣe tó tẹ̀ lé e ni títẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ jù: bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ jù, iṣan náà á dákẹ́, ọmọ á sì kígbe pé tòun kò lù. Ẹ ní kó dẹ ọwọ́ díẹ̀, kó sì fi sùúrù gbọ́ ọ. Ẹ fún wọn ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 1 láti wá a, lẹ́yìn náà ẹ pe "Ó yá!", kí wọ́n ka á fún ìṣẹ́jú àáyá 15, kí wọ́n sì sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Kí wọ́n wá dìde, kí wọ́n fò lójú kan fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí wọ́n tún un kà. Ti àgbàlagbà tó sinmi máa ń wà láàárín 60 sí 100 ní ìṣẹ́jú kan. Ti ọmọdé máa ń yá díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tí tísà bá sọ pé kò gbọ́dọ̀ fò, òun ni kó di aago mú. Ẹ má sọ ìdí rẹ̀ sókè. Bí ẹnìkan bá sì ní 200 ni tòun, ẹ ní kó tún un kà. Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́, ọmọ lè gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ délé pẹ̀lú ẹ̀rù.

*Oníṣirò owó.* Ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́jọ sórí rìsíìtì kéékèèké mẹ́jọ, kí ẹ tún kọ wọ́n sínú ìwé kan, ṣùgbọ́n kí ẹ yí ọ̀kan po: 540 lórí rìsíìtì, 450 nínú ìwé. Àròpọ̀ méjèèjì kò ní bára mu, 90 ló máa fi yàtọ̀. Ẹ ní kí wọ́n wá "olè" náà, ìyẹn nọ́ńbà tó yí po. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rí i, ẹ fi àṣírí iṣẹ́ hàn wọ́n: bí èèyàn bá gbé nọ́ńbà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú iye kan sípò ara wọn, ohun tó máa fi yàtọ̀ ṣeé fi 9 pín géérégé nígbà gbogbo. Kí wọ́n fi 72 àti 27 dán an wò, kí wọ́n fi 81 àti 18 dán an wò. Ó dára fún ọmọ ọdún 9 sókè, ariwo tó sì máa ń sọ nínú kíláàsì ju ti ẹni tó gbé ọkọ̀ panápaná wá lọ nígbà mìíràn.

*Ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà.* Ẹ gbé ife kan sórí tábìlì, kí ẹ sọ pé ẹ̀yin ni ẹ̀rọ, pé àwọn ni kó pàṣẹ kí ife náà lè dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ ṣe kìkì ohun tí wọ́n bá sọ. Bí wọ́n bá ní "Rìn!", ẹ máa rìn títí ẹ fi kan ògiri. Bí wọ́n bá ní "Mú ife," láìsọ pé kí ẹ na ọwọ́, ẹ má mira. Lẹ́yìn ìkùnà méjì, wọ́n á fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé "Gbé ẹsẹ̀ mẹ́rin, yí sí ọ̀tún." Ẹ sọ fún wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ pé lónìí wọ́n láṣẹ láti pàṣẹ fún àgbà; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn tó níwà jẹ́jẹ́ nínú wọn kò ní la ẹnu.

*Télọ̀.* Téèpù tó gùn ní 150 sẹ̀ǹtímítà, ọ̀kan fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ méjì á wọn apá ẹnì kan náà láìsọ iye fún ara wọn. Lọ́pọ̀ ìgbà iye wọn kì í bára mu. Ẹ bi wọ́n pé ta ni aṣọ máa há.

*Agbẹjọ́rò.* Ọmọ méjì ń du pẹ́ńsù kan, ẹlẹ́rìí kan wà. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ ìbéèrè mẹ́ta tí wọ́n máa bi ẹlẹ́rìí, ẹ̀yin sì ni ẹlẹ́rìí.

Bí iṣẹ́ yín kò bá sí níbí, ẹ wá ìpinnu kan tí ẹ ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ fún wọn ní ohun tí ẹ mọ̀ nígbà yẹn, kí ẹ ní kí wọ́n pinnu, kí ẹ tó sọ ohun tí ẹ̀yin ṣe. Kò síṣẹ́ tí kò ní irú èyí.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ fi ọmọ tí ẹ fi ń dánra wò ṣe é láìsọ ju gbólóhùn méjì lọ fún àlàyé. Bó bá bi yín pé "Kí ni kí n ṣe báyìí?", àlàyé yín kò tíì tó. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú 7, ẹ gé ìdajì rẹ̀ dànù. Kíláàsì máa ń lọ́ra ju ọmọ kan lọ.

ÌGBÉSẸ̀ 4: Ẹ PÍN ÀKÓKÒ

Fún ìṣẹ́jú 20: ìbẹ̀rẹ̀ 2, ìṣòro àti bí ẹ ṣe ń yanjú rẹ̀ 4, iṣẹ́ ṣíṣe 7, ìbéèrè 6, ìdágbére 1. Àwọn wọ̀nyí ni ìlà márùn-ún tó máa wà lórí káàdì yín.

Bí àkókò bá dín, ọ̀rọ̀ ẹnu yín ni ẹ gé. Iṣẹ́ ṣíṣe kò gbọ́dọ̀ lọ. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi àwòrán hàn, ẹ má jẹ́ kó ju márùn-ún lọ, kó má ní ìwé kíkà lórí, kí ẹ sì tẹ̀ wọ́n sórí ìwé ńlá nítorí iná lè lọ.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ sọ ìṣẹ́jú 4 yẹn sókè pẹ̀lú aago. Bó bá di 7, ẹ yọ nǹkan kan kúrò. Sísọ̀rọ̀ kíákíá kì í ṣe oògùn rẹ̀.

ÌGBÉSẸ̀ 5: LỌ́JỌ́ NÁÀ

Ẹ dé ní ìṣẹ́jú 20 ṣáájú. Ẹ wo ibi tí fèrèsé wà; bí ìmọ́lẹ̀ bá wà lẹ́yìn yín, òjìji lásán ni àwọn ọmọ máa rí. Ẹ bi tísà léèrè àmì tí wọ́n fi ń pa kíláàsì lẹ́nu mọ́, kí ẹ lo òun náà. Èyí tí àlejò bá hùmọ̀ fúnra rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́.

Ẹ fi ohun èlò sínú àpò tó ní ìdérí. Ohun tí wọ́n bá ti rí lórí tábìlì ni wọ́n á máa wò. Ẹ má pín nǹkankan kí ẹ tó ṣàlàyé: bí téèpù bá ti dé ọwọ́ wọn, ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ yín mọ́. Àlàyé ṣáájú, pípín tẹ̀ lé e, "Ó yá!" ló gbẹ̀yìn.

Ìkíni kúkúrú ti tó, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun kan lọ́wọ́. Bí àpẹẹrẹ: "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ wo rìsíìtì yìí. Owó kan sọnù níbí, ẹ̀yin lẹ máa bá mi wá a." Orúkọ yín lè wá lẹ́yìn ìyẹn.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí ẹ fi sílẹ̀ délé. "Bí ẹ kò bá kàwé, ẹ máa di agbálẹ̀" jẹ́ èébú fún òbí ọmọ kan tó jókòó níwájú yín. "Iṣẹ́ ọkùnrin ni" ti ilẹ̀kùn mọ́ ìdajì kíláàsì. "Ta ló fẹ́ ṣe iṣẹ́ mi?" sì máa ń sọ ẹni tí kò na ọwọ́ di òǹwòran; ẹ bi wọ́n dípò rẹ̀ pé apá wo nínú iṣẹ́ náà ni wọ́n rò pé ó máa nira fún wọn jù.

Kí tísà má kúrò nínú kíláàsì. Ẹ má dá wà pẹ̀lú ọmọ kankan, ẹ má fún ọmọ ní nọ́ńbà fóònù yín, ẹ má sì ya fọ́tò wọn bí ilé ìwé kò bá fọwọ́ sí i.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* nígbà tí iṣẹ́ ṣíṣe bá bẹ̀rẹ̀, ẹ dákẹ́, ẹ wo yàrá náà. Bí ariwo bá wà ṣùgbọ́n tí orí wọn tẹ̀ sórí ohun tí wọ́n ń ṣe, ó ń lọ dáadáa. Bí ọ̀pọ̀ bá gbójú sókè tí wọ́n ń wò yín, ẹ dá a dúró, kí ẹ tún ṣàlàyé lẹ́ẹ̀kan sí i.

ÌGBÉSẸ̀ 6: ÌBÉÈRÈ

"Ta ló ní ìbéèrè?" Kíláàsì dákẹ́ lọ gbáà. Ẹ̀rù ba àlejò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ padà, ìṣẹ́jú 6 ìbéèrè sì di ìwàásù. Ẹ fara da ìdákẹ́jẹ́ náà. Mary Budd Rowe, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ará Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí lórí èyí ní àwọn ọdún 1970: ó rí i pé nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 1 péré ni àwọn olùkọ́ sábà máa ń dúró lẹ́yìn ìbéèrè, àti pé bí wọ́n bá dúró tó 3, ìdáhùn àwọn ọmọ máa ń gùn sí i, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ náà sì máa ń dá sí i. Ẹ ka ẹyọ kan dé márùn-ún nínú ọkàn yín. Bí wọ́n bá ṣì dákẹ́, ẹ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sọ ìbéèrè rẹ̀ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ẹ wá pè wọ́n. Ẹ̀yìn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa tún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan sọ sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́.

Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú, ẹ ti pèsè ìdáhùn wọn sílẹ̀:

"Èló lẹ ń gbà?" Ẹ má bínú, ẹ má sì purọ́. Kò pọn dandan kí ẹ sọ iye tiyín. Ẹ lè sọ bóyá oṣooṣù ni wọ́n ń sanwó iṣẹ́ náà tàbí lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ohun tó ń mú un pọ̀ sí i, àti pé owó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kéré. Àwọn ọmọ ọdún 12 sókè nílò èyí gan-an ni.

"Ẹ ti rí òkú rí?" tàbí "Ẹ ti mú olè rí?" Ìdáhùn kúkúrú, òótọ́, láìsí àwòrán ẹ̀jẹ̀, kí ẹ sì bọ́ sórí ìbéèrè mìíràn.

"Kí ni ẹ kórìíra nínú rẹ̀?" Ẹ sọ ọ́. Ọmọ mọ̀ pé kò síṣẹ́ tó dùn látòkè délẹ̀, àlejò tó bá ní tòun dùn bẹ́ẹ̀ á pàdánù ìgbọ́kànlé wọn.

Ọmọ kan á na ọwọ́, á sì máa ròyìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dípò ìbéèrè. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níbi tó ti mí, kí ẹ pe ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ọmọ bá fi hàn pé ẹnì kan ń hùwà ìkà sí i, ẹ má ṣèlérí pé ẹ ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ má sì wádìí rẹ̀ níwájú kíláàsì. Ẹ sọ ọ́ fún olùkọ́ ní ìdákọ́ńkọ́ kí ẹ tó kúrò ní ọgbà.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* bí ìbéèrè wọn bá dá lórí ọkọ̀ yín, ọjọ́ orí yín àti ilé yín, ẹ̀yin ni wọ́n rí. Bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Bó bá wá ṣẹlẹ̀ pé...", iṣẹ́ yín ni wọ́n ń rò.

ÌGBÉSẸ̀ 7: KÍ Ẹ TÓ KÚRÒ

Ẹ ka ohun èlò yín kí àwọn ọmọ tó dìde. Bí téèpù 8 bá jáde, kí 8 wọlé. Bí wọ́n bá ti tú ká, èyí tó sọnù ti lọ nìyẹn, ẹ ó sì máa fura sọ́mọ ọlọ́mọ. Ẹ fi ìwé kan sílẹ̀ fún olùkọ́: ìṣòro tí iṣẹ́ yín ń yanjú, ẹ̀kọ́ inú kíláàsì tó bá a mu jù, àti iṣẹ́ ṣíṣe kan tó lè tún ṣe pẹ̀lú wọn láìsí ẹ̀yin.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ní kí olùkọ́ bi ọmọ mẹ́ta léèrè ohun tí ẹ ń ṣe. Bí wọ́n bá dárúkọ oyè yín nìkan, ìgbésẹ̀ 3 ni ẹ máa tún ṣe ṣáájú ìpè mìíràn. Bí wọ́n bá dáhùn pé "Wọ́n ń wá nọ́ńbà tó yí po," ẹ gbé àpò kan náà lọ sí ilé ìwé tó kàn, kí ẹ kàn pààrọ̀ àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀.